Ọtí Fíríìdọ̀mù Tí Kingsley Mu

Kingsley ni ọ̀gá ilé iṣẹ́ yìnyín tó wà létí èbúté ní Igbókòdá, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí omi ẹja ti ń ṣàn lójoojúmọ́ ni, síbẹ̀ bàtà dúdú tó ń dán ló máa ń wọ̀ wá síbẹ̀, á wá máa tiro nínú ẹrẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Apẹja ni bàbá rẹ̀, apẹja ni bàbá bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ àwọn oníbàárà pé, "Irú ẹja wo tilẹ̀ lèyí?" ẹ ó rò pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti bí i. Ẹni tí Jọọlá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Jọọlá kì í ṣe ọmọdé. Obìnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún ni, egungun rẹ̀ le, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, oúnjẹ kì í sì í pẹ́ níwájú rẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀, Moríkẹ́, ni wọ́n jọ ń gbé ilé pákó kan ní Arárọ̀mí, létí òkun. Nígbà tí Jọọlá wà ní kékeré, ilé náà jìnnà sí òkun débi pé bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ lọ sétí omi, á kọ́kọ́ sunkún ná. Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ bọ̀. Ó jẹ ọjà, ó jẹ ilé ìjọsìn, ó jẹ ibi tí wọ́n sin bàbá rẹ̀ sí. Ìgbàkúùgbà tó bá ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ìyá àti ọmọ á tú pákó ilé, wọ́n á rù ú sẹ́yìn, wọ́n á tún un kàn. Moríkẹ́ ti dàgbà kọjá ẹni tó ń ru pákó.

Torí rẹ̀ ni Jọọlá ṣe lọ wá iṣẹ́ ṣíṣọ́ ẹ̀rọ lọ́dọ̀ Kingsley. Ilé iṣẹ́ yìnyín náà ní yàrá kan lẹ́yìn ọgbà, yàrá oníbúlọ́ọ̀kù, lórí ilẹ̀ tó le. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ọ fún, bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ pátápátá. Jọọlá fẹ́ kó ìyá rẹ̀ wá síbẹ̀ kí òjò tó dé, kí òkun tó tún ru. Gbogbo ohun tó ń wá lọ́dọ̀ Kingsley kò ju yàrá yẹn lọ.

Lọ́jọ́ tó dé, Kingsley fi ẹsẹ̀ lé orí ẹsẹ̀, ó ń fi bírò gbá tábìlì.

"Oṣù mẹ́fà ni purobéṣọ̀n rẹ," ó ní. "Nínú oṣù mẹ́fà yẹn, à ń wò ẹ́ ni. Bí o bá tẹ́ wa lọ́rùn, a ó kọnfáàmù ẹ, wàá di òṣìṣẹ́ wa, wàá gba yàrá. Bí o kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, ẹnu ọ̀nà nìyẹn." Ó wá tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ojú fèrèsé ni Jọọlá gbà wọlé.

Jọọlá rò ó díẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà yé òun dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, ṣé bí ìkọ́ṣẹ́ ni?"

Kingsley wò ó láti òkè délẹ̀. Ó wo apá rẹ̀ tó nípọn, ó wo ìkúnlẹ̀ tó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ojú rẹ̀ sì tàn bí ojú ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ kà níwájú.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ó ní. "Bí ìkọ́ṣẹ́ ni."

Ẹ wo irọ́! Níbi tí Jọọlá ti wá, gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí ìkọ́ṣẹ́ jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán rí ní Zion Pepe, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Princess. Ó ń gbálẹ̀ fún Princess, ó ń pọn ọmọ rẹ̀, ó ń tukọ̀ lọ ra epo fún un, bí inú bá ń bí Princess sí ọkọ rẹ̀, orí Jọọlá ló máa ń fi í sí. Jọọlá kò bínú, torí Princess ń fi iṣẹ́ tí kò mọ̀ hàn án. Nígbà tó parí, ẹbí rẹ̀ gbé ọtí àti oúnjẹ fíríìdọ̀mù wá, Princess gbọ́wọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un, ó fún un ní sísọ́ọ̀sì, ó ní kó máa lọ. Ọ̀gá ti kọ́ ọ, ìwọ náà ti sin ọ̀gá, kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹnì kejì jẹ.

Purobéṣọ̀n, ìyẹn ìdánwò iṣẹ́, kò jọ ìyẹn rárá. Iṣẹ́ ni wọ́n gbà ọ́ sí, owó oṣù ni wọ́n ń san fún ọ, kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ tí wàá fi máa fọ abọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń wo ara yín, bóyá ẹ lè jọ ṣe é. Agbanisíṣẹ́ ń wò bóyá o mọ iṣẹ́, ìwọ náà ń wò bóyá ènìyàn gidi ló gbà ọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún Jọọlá? Ṣé Kingsley?

Báyìí ni Jọọlá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí sìn. Bó bá ti da yìnyín jáde fún àwọn apẹja tán, á lọ wẹ ọkọ̀ ojú omi Kingsley, èyí tí Kingsley ń pè ní "sípíìdì mi" lójoojúmọ́ tí kò sì lè wà á débi kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ilé Kingsley, níbi tí ìyàwó rẹ̀, Beauty, ti ń yan ẹja tà. Jọọlá á la igi, á yí ẹja, èéfín á fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ ọ lójú, Beauty á sì jókòó sábẹ́ igi àgbọn, á máa tẹ fóònù. Bí ẹja bá gbẹ, Jọọlá ni yóò rù ú ní agbọ̀n agbọ̀n lọ kó sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé iṣẹ́. Yàrá yẹn kan náà. Kingsley ní kí wọ́n máa kó o síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tó dunni jù ni pé Jọọlá a máa gbá yàrá náà kó tó kó ẹja sí i. Á fẹsẹ̀ wọn ibi tí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ máa wà, á wo ojú fèrèsé bóyá atẹ́gùn máa dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà á wá to agbọ̀n ẹja Beauty sí ibẹ̀ gan-an.

Ẹnì kan ṣoṣo ló gbìyànjú láti là á lójú. Khalidat ni, akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, ọmọ àwọn Mùsùlùmí oníṣòwò ẹja kan létí odò. Kí Kingsley tó dé ni oníléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí iṣẹ́ Khalidat, nítorí náà kò bẹ̀rù Kingsley, kò sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣingọ́ọ̀mù ló máa ń jẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, á máa pa á ní pápápá bí ó bá ti rí ọ̀gá tó ń bọ̀.

"Àǹtí Jọọlá," ó ní lọ́jọ́ kan, "ṣé ẹ̀rọ yìnyín ni wọ́n gbà yín sí ni, àbí ẹja Beauty?"

"Khalidat, ṣé ìwọ ò kọ́ iṣẹ́ rí ni?"

"Iṣẹ́ wo ni Kingsley ń kọ́ yín? Ṣé òun gan-an mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ yẹn? Ẹ gbọ́, wọ́n ń wò yín, ẹ̀yin náà ẹ máa wò wọ́n. Tiyín náà ni oṣù mẹ́fà yìí. Bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti wo Kingsley tán lọ́jọ́ kejì."

Ó wá sọ̀rọ̀ Godspower fún un, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣọ́ ẹ̀rọ náà kí Jọọlá tó dé. Godspower náà wẹ ọkọ̀, òun náà la igi. Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìdánwò rẹ̀ parí, Kingsley lé e lọ, ó ní ó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

"Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ nínú ilé iṣẹ́ níbí ló ń sùn!" Khalidat ní. "Ibo ló ti ń pẹ́ bọ̀?"

Jọọlá mi orí, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ohun kan wà tí Godspower ṣe. Bí ó ti rí nìyẹn o. Ẹni tí wọ́n gùn lẹ́yìn ló tún ń bá ẹni tó gùn ún ṣàlàyé. Khalidat wò ó, ó pa ṣingọ́ọ̀mù, ó padà sídìí tábìlì rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà pé. Jọọlá ránṣẹ́ sílé pé ọjọ́ ti kò, Moríkẹ́ sì mọ ohun tó yẹ kí ìyá ọmọ ṣe. Ó wá ọtí sínáàpù, ó wá kíréètì mínírà, ó ro púpurú sínú kúlà, ó fi ẹja ọ̀bọ̀kún tó tóbi se ọbẹ̀, irú ẹja tí wọn kì í jẹ nílé àfi bí àlejò bá dé. Ó mú àwọn obìnrin ẹbí méjì dání, wọ́n wọ aṣọ tó dára, wọ́n wọkọ̀ láti Arárọ̀mí. Omi ta sí wọn lára títí wọ́n fi dé, ṣùgbọ́n Moríkẹ́ di kúlà náà mọ́ra, kò jẹ́ kí omi kan án.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ ọ́fíìsì Kingsley. Ìgbà tí ẹja ń pọ̀ nínú òkun ni, ọkọ̀ àwọn apẹja ti tò sí èbúté, gbogbo wọn ń dúró de yìnyín tí wọ́n máa kó lọ sójú omi. Moríkẹ́ gbé ẹrù kalẹ̀. Obìnrin tó lè bí Kingsley bí àkọ́bí rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, òun àti àwọn tó bá a wá.

"Ọ̀gá wa, a dúpẹ́ o," ó ní. "Ẹ bá wa wo ọmọ, ẹ ò jẹ́ kó ṣìnà. Ọjọ́ pé lónìí. Ọma mi rèé, ẹ bá wa dá a sílẹ̀."

Bí ìtìjú kékeré bá wà lára Kingsley, ibi tó yẹ kó ti jáde nìyẹn. Ìbá fò dìde, ìbá fa ìyá yẹn sókè, kó ní, "Màmá, kì í ṣe ìkọ́ṣẹ́ o, iṣẹ́ olówó oṣù ni, ẹ gbé oúnjẹ yín padà sílé." Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà lára ìgò sínáàpù. Kò tilẹ̀ sún bàtà rẹ̀ kúrò lórí àga kejì. Ó fóònù Beauty pé kó gbé ìkòkò wá, ọbẹ̀ wà.

Lẹ́yìn náà ló wá dìde, ó gbọ́wọ́ lé Jọọlá lórí, ó pa ojú dé, ó sì fi imú gbàdúrà bí àwọn pásítọ̀ inú rédíò. "Olúwa, lọ́jọ́ òní, èmi ọ̀gá rẹ̀, mo dá ọmọ yìí sílẹ̀. Kó lọ ní àlàáfíà, kó ṣe rere." Àwọn obìnrin náà ń ṣe àmín, omi lé ròrò sójú Moríkẹ́. Kingsley ṣí ìgò, ó da díẹ̀ sílẹ̀, ó da ìyókù sọ́nà ọ̀fun, ó tún bu òmíràn. Nídìí tábìlì rẹ̀, Khalidat kò jẹ ṣingọ́ọ̀mù mọ́. Ẹnu rẹ̀ kàn là sílẹ̀ ni.

Kingsley ti bẹ̀rẹ̀ sí bu púpurú nígbà tí Moríkẹ́ rọra béèrè.

"Ọ̀gá wa, yàrá yẹn wá ńkọ́? Ìgbà wo ni ká máa kó ẹrù bọ̀?"

"Yàrá wo?" Kingsley gbé òkèlè mì. "Áà, Màmá, kò yé yín. Ilé iṣẹ́ ṣì ń wo Jọọlá. A ti fi oṣù mẹ́ta kún purobéṣọ̀n rẹ̀."

Jọọlá ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí ni mo ṣe, Sà?" ó béèrè.

"Kò sóhun tó o ṣe. O kàn... báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? O ò tíì balẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni," Moríkẹ́ ní. "Ẹ gbọ́wọ́ lé e lórí, ẹ mu ọtí."

"Àdúrà nìyẹn, Màmá. Àdúrà yàtọ̀, iṣẹ́ yàtọ̀." Ó tún bu ọbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ni Beauty gbé ìkòkò wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó wo ọbẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ní iyọ̀ pọ̀ díẹ̀. Ó wá yíjú sí Jọọlá.

"Jọọlá, lọ gbé agbọ̀n ẹja kan jáde fún mi nínú yàrá mi yẹn. Kó o sì tún ìyókù tò, kí àyè lè wà. Òmíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí òjò fi máa parí ni wọ́n á wà níbẹ̀."

Yàrá mi. Jọọlá dìde, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ọgbà, ó ṣílẹ̀kùn. Ẹja gbígbẹ ti kún un láti ilẹ̀ dé àjà. Òun ló kó gbogbo rẹ̀ wá, òun ló tò ó, agbọ̀n lórí agbọ̀n, títí kò fi sí ibi tí ènìyàn lè na ẹsẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé e. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹja Beauty kò ní níbùgbé mọ́. Nítorí ẹja ni Godspower ṣe ń "pẹ́ dé." Nítorí ẹja ni òun kò ṣe tíì "balẹ̀." Tí òun bá sì fi ọdún mẹ́wàá wẹ ọkọ̀, ẹja ni yóò máa sùn níbí, ìyá òun á sì máa ru pákó.

Kò sunkún. Ó pòṣé, òṣé náà sì gùn. Ó kọ́kọ́ fi ta Kingsley nù, ó fi ìyókù ta ara rẹ̀ nù, òun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọkọ̀ ọ̀lẹ bẹ́ẹ̀. Ó fi ilẹ̀kùn yàrá náà sílẹ̀ gbayawu. Ajá kan ti ń na imú bọ̀, kò lé e.

Nígbà tó padà wọlé, kò kúnlẹ̀. Ó bọ́ bàtà rọ́bà ilé iṣẹ́, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ, ó fi lé orí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo púpurú.

"Kọ́kọ́rọ́ yín rèé. Mò ń bá ìyá mi lọ."

Kingsley kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbọ́ tí àwọn apẹja ń pariwo níta pé yìnyín dà, ẹ̀rín náà tán. Gbogbo ẹni tó lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn ló ti lé lọ tán. Òun alára kì í sún mọ́ ọn, ó ní ariwo rẹ̀ ń fọ́ òun lórí.

"O ò lè lọ bẹ́ẹ̀!" ó ní. "Òfin wà! O gbọ́dọ̀ fún wa ní nótíìsì oṣù kan!"

Khalidat bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú.

"Sà, ẹni tí ẹ bá ti kọnfáàmù ló ń fún yín ní nótíìsì oṣù kan. Ẹni tó ṣì wà lórí ìdánwò, ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè ní kó máa lọ, ọjọ́ tó bá wu òun náà ló lè lọ. Ṣebí òfin tí ẹ fi lé Godspower nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lójú gbogbo wa pé Àǹtí Jọọlá ṣì wà lórí ìdánwò. Ẹ̀yin lẹ fi oṣù mẹ́ta kún un."

Òógùn bo Kingsley nímú. Ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó ń wo Beauty, Beauty ń wo ìkòkò.

"Ó dáa," ó ní. "Ó dáa, mo kọnfáàmù ẹ. Jọọlá, mo kọnfáàmù ẹ báyìí báyìí. Gba kọ́kọ́rọ́. Lọ́la a ó kó ẹja kúrò nínú yàrá, kí Màmá máa kó ẹrù bọ̀."

Yàrá náà ni Jọọlá ṣì ń fẹ́. Kò fẹ́ ẹ fún ara rẹ̀, bó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni, ì bá ti dé ìdí ọkọ̀. Ó rántí òjò tó ń bọ̀. Ó rántí èjìká ìyá rẹ̀ lábẹ́ pákó. Ó wo kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, ó wá yíjú sí Moríkẹ́, ó fi ojú bi í pé kí ni kí òun ṣe.

Moríkẹ́ ti dìde nílẹ̀. Ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún, kò kánjú, ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró.

"Ọma mi," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé ọ̀gá ti dá ẹ sílẹ̀ ni? Ẹni tí wọ́n ti dá sílẹ̀, kí ló tún ń ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá? Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ilé wo?" Kingsley kígbe. Ìbẹ̀rù ti jẹ́ kí ìwà rẹ̀ gbogbo jáde síta. "Màmá, òkun máa jẹ ilé yẹn mọ́ yín lórí ni o!"

Moríkẹ́ dúró. Ó wo Kingsley, ó wo àwo tó wà níwájú rẹ̀, ó wo òróró ọbẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n òkun kò ní kí n kúnlẹ̀ fún òun rí. Kò jẹ oúnjẹ mi, kó wá gbọ́wọ́ lé ọma mi lórí, kó máa ṣe àdúrà. Bó bá fẹ́ jẹ ẹ́, á jẹ ẹ́. Kì í purọ́ fún mi."

Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, àwọn obìnrin méjì náà tẹ̀ lé wọn, wọ́n gba àárín àwọn apẹja tó ń pariwo kọjá lọ sídìí ọkọ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó kí Kingsley pé ó dàbọ̀.